Bí A Ṣe Ń Mú Irú Hibiscus Tuntun Jáde Nínú Ọgbà Ẹni ní Ìbàdàn, àti Bí A Ṣe Ń Ṣàpèjúwe Rẹ̀

Púpọ̀ nínú àwọn hibiscus tí a fi sọ ọgbà yí ilé ká ní Ìbàdàn, láti Òkè-Àdó títí dé Bódìjà, jẹ́ igi kan náà tó ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn: ẹnìkan gé ẹ̀ka, ó rì í mọ́lẹ̀, ẹ̀ka náà hù, aládùúgbò rẹ̀ sì wá gé tirẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, òdòdó pupa kan ṣoṣo náà ni a ó máa rí, nítorí ẹ̀ka tí a gé lára igi kì í ṣe ọmọ igi náà. Igi náà gan-an ni. Inú kóró ni ọmọ ti ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ irú tuntun ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ so akọ pọ̀ mọ́ abo, kí ó ní sùúrù fún bí ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó sì kọ ohun gbogbo sílẹ̀ débi pé ẹni tí kò dé ọgbà rẹ̀ rí yóò lè dá igi náà mọ̀ láàárín igba igi. Iṣẹ́ kíkọ yìí ni ọ̀pọ̀ àwa olùgbin fúláwà kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ sì ni, lójú tèmi, igi tí a kò tíì ṣàpèjúwe kò tíì di irú tuntun. Èhù tó rẹwà lásán ni.

Ẹ kọ́kọ́ mọ òdòdó náà dáadáa. Ẹni tó bá ti rí òdòdó ilá ti rí ìbátan hibiscus, nítorí ẹbí kan náà ni hibiscus, ilá, ìsápá àti òwú. Òdòdó náà ní ewé márùn-ún, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì yọ jáde láti àárín wọn. Ara ọ̀pá yìí ni àwọn àpò kéékèèké tó ń gbé lẹ́búlẹ́bú akọ wà, tí wọ́n máa ń là nígbà tí oòrùn bá ti mú díẹ̀ láàárọ̀. Ní ṣóńṣó ọ̀pá náà, ẹ ó rí ojú márùn-ún tó dà bí bọ́tìnì kékeré onírun: ibẹ̀ ni abo, ibẹ̀ sì ni lẹ́búlẹ́bú gbọ́dọ̀ dé kí èso tó lè wà.

Nípa yíyan òbí, ẹ má ṣe so òdòdó méjì pọ̀ kìkì nítorí pé àwọn méjèèjì dára lójú. Ẹ mú ohun kan tí ẹ ń wá. Ní tèmi, ohun tí mo ń wá ni hibiscus aláwọ̀ ìyeyè tí kò ní máa gbọn ìrudi rẹ̀ dànù nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, nítorí náà mo fi igi kan tó lágbára ṣe ìyá, mo sì fi èyí tí àwọ̀ rẹ̀ wù mí ṣe bàbá. Hibiscus pupa tí gbogbo ènìyàn fi ń sọgbà kì í sábà so èso, kò sì yẹ kí ẹ fi ọdún kan gbáko retí kóró lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí Hibiscus schizopetalus lọ́wọ́ àwọn tó ń ta fúláwà, ẹ rà á. Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ní agbègbè Kẹ́ńyà àti Tàǹsáníà, ni orírun rẹ̀. Òdòdó rẹ̀ máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ bí yẹtí, ewé òdòdó náà sì gé wẹ́wẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ó ti pẹ́ tí àwọn olùgbìn ti ń fi í ṣe òbí, ó sì máa ń bá hibiscus ilé so èso.

Ẹ tún mọ̀ pé ẹ̀dà àbùdá tó wà nínú hibiscus ilé pọ̀ ju méjì lọ. Ọmọ ènìyàn gba ìpín kan lọ́dọ̀ bàbá, ó gba ìkan lọ́dọ̀ ìyá. Ti igi yìí kò rí bẹ́ẹ̀, ìpín rẹ̀ pọ̀, ó sì díjú. Ìdí nìyẹn tí kóró mẹ́wàá láti inú èso kan ṣoṣo fi lè tan òdòdó mẹ́wàá tí ìkankan kò jọ ìkejì, tí gbogbo wọn kò sì jọ ìyá tàbí bàbá. Èyí kì í ṣe àṣìṣe yín. Òun ni ọ̀nà tí ẹ ó fi rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí.

Àkókò tí mo fẹ́ràn jù fún síso òdòdó pọ̀ ní Ìbàdàn ni láti oṣù 10 sí oṣù 12, nígbà tí òjò ti ń lọ sílẹ̀, tí ooru oṣù 2 àti 3 kò sì tíì dé. Òjò máa ń ba lẹ́búlẹ́bú jẹ́, ooru líle náà sì máa ń jẹ́ kí òdòdó já bọ́ láì mú èso. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wá ìrudi tí yóò tanná lọ́la. Yóò ti wú, orí rẹ̀ yóò sì ti ń tú. Ẹ fi àwọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó kí oyin àti àwọn ẹyẹ kéékèèké tó ń fa omi òdòdó má ba iṣẹ́ yín jẹ́. Ní nǹkan bí aago méje òwúrọ̀, kí àwọn àpò akọ tó là, ẹ fi sísọ́ọ̀sì kékeré gé gbogbo wọn kúrò lára ọ̀pá òdòdó ìyá, ẹ má sì fi ọwọ́ kan ojú márùn-ún tó wà lókè. Láàárín aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá, ẹ já òdòdó bàbá tí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ti jáde, ẹ fa àwọn ewé rẹ̀ ya, kí ẹ wá rọra fi ọ̀pá rẹ̀ ra ojú márùn-ún ìyá títí tí lẹ́búlẹ́bú yóò fi bo gbogbo wọn. Ẹ dá àwọ̀n náà padà, ẹ so àmì mọ́ ọrùn òdòdó.

Ọ̀rọ̀ àmì yìí ṣe pàtàkì. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, páálí ni mo gé, bírò ni mo fi kọ ọ́, òjò méjì péré ló sì fọ orúkọ gbogbo wọn dànù. Lára àwọn kóró tí mo ká nígbà náà ni èhù kan ti jáde tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí inú ìbẹ́pẹ, mo ṣì ní in títí dòní, ṣùgbọ́n n kò lè sọ ẹni tó bí i, ó sì máa ń dùn mí nígbàkúùgbà tí ẹnìkan bá béèrè. Láti ìgbà náà, agolo ohun mímu ni mo ń gé sí pẹlẹbẹ, mo sì ń fi ìṣó họ ọ̀rọ̀ sí i lára: orúkọ ìyá ni a ń kọ ṣáájú, kí a tó kọ àmì ×, lẹ́yìn náà orúkọ bàbá àti ọjọ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú ìwé ní ọjọ́ náà gan-an, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀pọ̀ òdòdó tí ẹ bá so kò ní mú èso. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí èso 2 nínú òdòdó 10, nítorí náà ẹ so púpọ̀. Èyí tó bá mú yóò wú díẹ̀díẹ̀, yóò sì gbó ní bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Bí ó bá ti ń di àwọ̀ ilẹ̀, ẹ tún fi àwọ̀n dè é, torí pé ṣe ni yóò là tí kóró yóò sì fọ́n ká. Ẹ fi abẹ ha èèpo kóró díẹ̀ ní apá kan, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí ẹ gbìn ín sínú ilẹ̀dú tí ẹ pò mọ́ yanrìn. Ó máa ń hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Bí ó bá ti yọ ewé mẹ́rin, ẹ lọ́ ọ sínú ọ̀rá dúdú, ẹ máa fún un ní ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa. Ẹ fún èhù kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà tó ń sọ ọdún, òbí àti ipò rẹ̀. 24-03-07, fún àpẹẹrẹ, ni èhù keje láti inú ìsopọ̀ kẹta ti ọdún 2024. Ẹ má tíì sọ ọ́ lórúkọ, nítorí ohun tí a bá ti sọ lórúkọ máa ń ṣòro láti jù nù.

Jíjù nù sì wà níwájú. Èhù máa ń tan òdòdó àkọ́kọ́ láàárín oṣù 9 sí 18, òdòdó àkọ́kọ́ yìí kò sì yẹ ní gbígbẹ́kẹ̀lé: ó lè kéré ju bó ṣe yẹ lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì lè yí padà bí igi bá dàgbà. Ẹ wò ó la ọ̀gbẹlẹ̀ kan àti àsìkò òjò kan kọjá kí ẹ tó dá ẹjọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ má ṣàánú. Èyí tó ń gbọn ìrudi, èyí tí kòkòrò ń jẹ lójoojúmọ́, èyí tí òdòdó rẹ̀ ń dorí kodò sínú ewé, àti èyí tó jọ ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀, gbogbo wọn ni kí ẹ fi sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ wuni. Ẹ gé ẹ̀ka lára èyí tó bá yege, ẹ gbìn ín tó 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀, kí ẹ tún gé ẹ̀ka lára àwọn ẹ̀ka náà ní ọdún tó tẹ̀lé e. Bí gbogbo wọn bá tan òdòdó kan náà, irú náà dúró ṣinṣin. Bí ìkan bá yà kúrò, ẹ má tíì kọ àpèjúwe kankan.

Ó wá ku àpèjúwe. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: igi wo ló jọ ọ́ jù? Ẹ wá igi náà, ẹ gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ tiyín, nínú ilẹ̀ kan náà àti oòrùn kan náà, kí ẹ sì ṣàpèjúwe àwọn méjèèjì pọ̀. “Ó tóbi, ó sì pupa” kò sọ ohunkóhun. “Fífẹ̀ òdòdó rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, nígbà tí ti èkejì jẹ́ 11, ojú àárín rẹ̀ pupa dé ìdá mẹ́ta ewé òdòdó, nígbà tí ti èkejì funfun” ni ohun tí ẹlòmíràn lè fi ṣe ìdánimọ̀. Ẹ wọn òdòdó 10, kì í ṣe ìkan; ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni mo máa ń wọn tèmi, torí pé òdòdó kì í fẹ̀ bákan náà láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ kọ bí igi ṣe ga tó àti bí ẹ̀ka rẹ̀ ṣe ń lọ, bóyá ó ń nà sókè tàbí ó ń tàn kálẹ̀. Ẹ kọ bí ewé ṣe rí, gígùn rẹ̀, eyín etí rẹ̀, dídán tàbí àìdán rẹ̀; ewé tó ti gbó láàárín ẹ̀ka ni kí ẹ wò, kì í ṣe èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ẹ sọ bóyá òdòdó jẹ́ onípele kan tàbí onípele púpọ̀, bóyá àwọn ewé rẹ̀ gun ara wọn, bí ọ̀pá àárín ṣe gùn tó, àwọ̀ ojú márùn-ún tó wà lókè rẹ̀, àti bóyá òdòdó náà ń rọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà tàbí ó ń di ọjọ́ kejì.

Àwọ̀ ló ń fa àríyànjiyàn jù. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ fún un, mo sì gbà yín níyànjú pé kí ẹ lò wọ́n: pupa bí osùn, pọ́n bí ìyeyè tó gbó, funfun bí ẹfun, àwọ̀ aró tó ṣí. Ẹni tó bá kà á ní Ìbàdàn yóò rí i lójú ọkàn rẹ̀ kíákíá. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Brazil kò mọ ìyeyè wa, nítorí náà ẹ fi nọ́mbà kún un láti inú páálí àwọ̀ tí Royal Horticultural Society ní London ń tẹ̀ jáde. Ojú ihò kékeré tó wà lára àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ni a ń fi wo òdòdó, títí a ó fi rí èyí tó bá a dọ́gba. Ó wọ́n, ẹ lè dá àjọ rà á ní ẹni márùn-ún tàbí mẹ́fà. Abẹ́ ìbòòji ni kí ẹ ti wò ó, kì í ṣe inú oòrùn gangan, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé fọ́tò fóònù. Ẹ kọ oṣù náà sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àwọ̀ hibiscus nígbà ọyẹ́ lè ki ju ti oṣù 3 lọ. Àwọn tó ń gbin òdòdó hydrangea ní àwọn ìlú olótùútù mọ èyí dunjú: irú kan náà lè tan òdòdó aró nínú ilẹ̀ kíkan tí álúmíníọ́mù wà nínú rẹ̀, kí ó sì tan òdòdó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ nínú ilẹ̀ tí kò kan, débi pé àpèjúwe àwọ̀ tí kò sọ irú ilẹ̀ kò pé rárá.

Nígbà náà ni kí ẹ tó sọ ọ́ lórúkọ. Òfin àgbáyé tó wà fún orúkọ ohun ọ̀gbìn tí ènìyàn mú jáde ní kí a kọ orúkọ irú náà sínú àmì ẹyọ kan, bíi ‘Àdùkẹ́’, kí ó má jẹ́ èdè Látìn, kí lẹ́tà rẹ̀ má sì ju 30 lọ. Australian Hibiscus Society ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ orúkọ hibiscus fún gbogbo ayé. Ẹ wò ó níbẹ̀ kí ẹ má baà mú orúkọ tí ẹlòmíràn ti lò. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ ní Nàìjíríà yóò lo òfin ìdáàbòbò irú ohun ọ̀gbìn ti ọdún 2021, tó wà lábẹ́ National Agricultural Seeds Council. Ohun tí wọ́n máa ń wò ni pé kí irú náà jẹ́ tuntun, kí ó yàtọ̀, kí ó dọ́gba, kí ó sì dúró ṣinṣin. Ọ̀rọ̀ “tuntun” yẹn ní ìtumọ̀ pàtó: bí ẹ bá ti ń tà á fún ohun tó ju ọdún kan lọ nínú orílẹ̀-èdè kí ẹ tó béèrè, àǹfààní náà lè bọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé e lọ sí etí ọ̀nà fún títà, ẹ má sì fún ọ̀rẹ́ ní ẹ̀ka rẹ̀, títí ẹ ó fi pinnu.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ́ ẹ̀ka kan tó ní òdòdó àti ewé sáàárín ìwé ìròyìn, ẹ gbé ohun wíwúwo lé e, kí ẹ máa pààrọ̀ ìwé náà lójoojúmọ́ títí yóò fi gbẹ, pàápàá nígbà òjò tí ìbu máa ń tètè mú un. Ìbàdàn ní ibi tí a ń tọ́jú irú ẹ̀ka gbígbẹ bẹ́ẹ̀, ní FRIN (Forestry Research Institute of Nigeria, ilé ìwádìí nípa igbó) tó wà ní Jẹ́ríkò àti ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ béèrè bóyá wọn yóò gba tiyín. Àwọ̀ òdòdó náà yóò ṣá bó bá ti gbẹ, nítorí náà ẹ kọ nọ́mbà àwọ̀ rẹ̀, orúkọ òbí rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ gé e àti àdúgbò tí igi náà wà sí ara páálí tí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù kọ ọ́.