Oúnjẹ Àkọ́kọ́ Ọmọ Ọwọ́: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwa Yorùbá Àbújá

Ẹ dúró díẹ̀ níbi ìsọ̀ ẹni tó ń ta oúnjẹ ọmọ ní ọjà Kubwa tàbí Nyanya, kí ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ìyá ọlọ́mọ ń béèrè. "Èwo ló máa ń yó ọmọ? Èwo ló máa ń jẹ́ kó sùn?" Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ lè yó kí ara rẹ̀ má sì rí ohun tó ń wá, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó sùn fọnfọn lẹ́yìn abọ́ ògì kan lè jẹ́ ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀. Ohun tó ń kún ikùn ni a ń rà, a sì ń retí pé kó ṣe iṣẹ́ oúnjẹ.

Ká tó dé ìdí abọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ti àsìkò. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu títí yóò fi pé oṣù 6. Kí oúnjẹ wọlé nígbà náà, kí ọmú sì máa bá a lọ títí dé ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Ṣùgbọ́n tó bá di oṣù kẹta sí ìkẹrin ọdún, tí ooru Àbújá mú dé góńgó, ìyá àgbà tó wá láti Ọ̀ffà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ láti bá wa wẹ ọmọ á ní òùngbẹ ń gbẹ ọmọ, ẹ fún un lómi, ẹ fi àgbo díẹ̀ kún un. Nǹkan bí ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún ọmú ló jẹ́ omi. Bí ooru bá mú, ọmú ni kí ẹ fún un léraléra.

Oyin ọjọ́ ìsọmọlórúkọ náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, oyin ni ohun àkọ́kọ́ tó kan ahọ́n wọn lẹ́yìn ọmú, ní ọjọ́ kẹjọ. Oyin lè ní irúgbìn kòkòrò kan tó ń jẹ́ Clostridium botulinum nínú. Àgbàlagbà á jẹ ẹ́ kò ní mọ̀, ṣùgbọ́n nínú ìfun ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1, kòkòrò náà lè hù kó sì máa pèsè májèlé tí í sọ gbogbo iṣan ara ọmọ di aláìlágbára. Síse kò pa irúgbìn rẹ̀. Ẹ gbàdúrà oyin, ẹ fi tọ́ ìyá àti bàbá lẹ́nu, kí àwọn àlejò náà tọ́ ọ wò. Àdúrà á gbà láìjẹ́ pé ó kan ẹnu ọmọ.

Iṣẹ́ ni ohun mìíràn tó ń mú wa yára. Òfin iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún obìnrin tó bímọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 16, èyí kò sì pé oṣù 4. Ìyá tó ń gbé Lugbe tàbí Mararaba, tó ń ṣiṣẹ́ láàárín ìlú, kùtùkùtù ló ń jáde, alẹ́ ló ń wọlé. Nítorí náà, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ ògì fún ọmọ oṣù 3 kó lè "mọ́ ọn lára." Mi ò bá wọn jà, ẹni tó mọ súnkẹrẹ fàkẹrẹ Nyanya láàárọ̀ kò ní bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọmú tí a fún sínú ike mímọ́ tó ní ìdérí lè wà níta fún wákàtí 4 níbi tí kò bá gbóná, ó sì lè lo ọjọ́ 4 nínú fíríìjì. Lásìkò ooru, tàbí níbi tí iná kì í ti í dúró, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé wákàtí 4 yẹn. Kúlà kékeré pẹ̀lú yìnyín ni kí ẹ gbé e sí.

Ọmọ tó tó jẹun á ti lè gbé orí rẹ̀ dúró, á lè jókòó bí nǹkan bá tì í lẹ́yìn, kò sì ní máa fi ahọ́n ti gbogbo ohun tó wọ ẹnu rẹ̀ síta mọ́. Pé ó ń ki ọwọ́ bọ ẹnu kì í ṣe ẹ̀rí. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ìfàsẹ́yìn ni tiwọn: ọmọ pé oṣù 9, ọmú nìkan ló ṣì ń mu, wọ́n ní ara rẹ̀ ń dán. Èyí náà ń pa ọmọ lára.

Wàyí o, ògì. Mi ò ní kí ẹ má fún ọmọ ní ògì, mo sì mọ̀ pé ẹ ó sọ pé òun la fi tọ́ ẹ̀yin náà. Ògì lásán ni mò ń bá wí, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, láti oṣù kẹfà títí ọmọ fi ń rìn. Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é. A rẹ àgbàdo tàbí ọkà bàbà, a lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ, a da èèrí fún ewúrẹ́. Ọ̀pọ̀ amáradàgbà àti èròjà tó wà nínú ọkà náà bá èèrí lọ. Ewúrẹ́ ló jàǹfààní. Èyí tó kù, a tún fi omi là á kó lè rọrùn láti gbé mì. Ikùn ọmọ oṣù 8 kò gbà ju nǹkan bíi mílílítà 200 lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ògì tó ń ṣàn bá ti kún ibẹ̀, oúnjẹ ti parí nìyẹn, omi ni ọmọ sì mu.

Ẹ jẹ́ kó ki. Ẹ bu ú sínú ṣíbí kí ẹ dà á nídojú díẹ̀: bó bá ṣàn lọ lójú ẹsẹ̀, kò tíì ki tó. Lẹ́yìn náà ni kí nǹkan wọ inú rẹ̀: ìyẹ̀fun sóyà yíyan, edé lílọ̀ kúnná, ẹyin tí ẹ pò mọ́ ọn lórí iná títí ó fi jinná. Ṣíbí ìmutíì kan epo pupa á fi agbára kún un, ó sì ní èròjà tí ara ń sọ di fítámì A. Kọ́sítáàdì kò sàn ju ògì lásán lọ o, bó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ dára tó. Ẹ ka ẹ̀yìn ike rẹ̀: ọ̀pọ̀ wọn, sítáàṣì àgbàdo, àwọ̀ àti òórùn fánílà ni.

Ohun tí ògì kò lè fún ọmọ ni iron, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ọmọ ń gbé èyí tí yóò lò fún nǹkan bí oṣù 6 wá láti inú ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń tán lọ, èyí tó wà nínú ọmú kò sì pọ̀. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní Amẹ́ríkà ń lò ni pé ọmọ oṣù 7 sí 12 nílò mílígíráàmù 11 lójúmọ́, ọkùnrin àgbà nílò 8. Ọmọ tí kò tíì rìn ń fẹ́ ju bàbá rẹ̀ lọ! Síbẹ̀, bàbá là ń bu ẹran fún, omi ẹran là ń fún ọmọ. Omi ẹran dùn, òórùn rẹ̀ ta sánsán, ṣùgbọ́n inú ẹran gan-an ni iron wà. Ẹ se ẹ̀dọ̀ màlúù kékeré kan kó rọ̀, ẹ rin ín sínú ànàmọ́ tí ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó. Ẹ yọ eegun ẹja kúrò pátápátá, ẹ rún un mọ́ ẹ̀wà. Ẹ fún un ní ọsàn díẹ̀ tàbí tòmátì sísè mọ́ ọn, torí ó ń ran ara lọ́wọ́ láti gba iron inú ẹ̀wà àti ewébẹ̀. Tíì ọ̀dọ̀ mai shayi, ìyẹn ẹni tó ń po tíì tà, tí àwọn kan ń ki búrẹ́dì bọ̀ fún ọmọ, òdìkejì iṣẹ́ yìí ló ń ṣe: ó ń dènà iron.

Níbi ẹyin àti ẹran ni àwọn àgbà ti máa ń kọ̀. "Ẹ má fún ọmọdé lẹ́yin, olè ni yóò yà." Ó jọ pé ìgbà tí ẹyin ṣọ̀wọ́n, tó jẹ́ pé àlejò là ń fi í ṣe, ni ọ̀rọ̀ yẹn wúlò. Ẹyin tó jinná dénú dára fún ọmọ láti oṣù 6, kò sì sí ìdí tí a fi ní láti dúró di ọdún kan. Àmọ́ kì í ṣe ìdí ọmọ la ti ń bá ìyá wa jiyàn. Ẹ mú màmá dání lọ sí ilé ìlera lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí nọ́ọ̀sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. "Màmá, ẹ̀yin náà ẹ ṣáà gbọ́ ohun tí wọ́n wí" rọrùn lẹ́nu ọmọ ju "Màmá, ẹ ò mọ̀" lọ.

Àwa tí a wà ní Òkè Ọya kò tiẹ̀ ní àwáwí. Jéró, ọkà bàbà, ẹ̀wà, sóyà àti ẹ̀pà, ìhín ni wọ́n ti ń kó wọn lọ sí Èkó. Pòtétò ń ti Jos wá. Ewé zogale, ìyẹn mọ̀ríńgà, kún ọjà. Ẹ ra tútù rẹ̀ kí ẹ lọ sè é fúnra yín, ẹ fi èyí tí wọ́n ti po mọ́ ata àti kúlíkúlí sílẹ̀ fún àgbàlagbà. Nínú wọn náà ni Tom Brown, ìyẹ̀fun tí a fi ń ro oúnjẹ ọmọ, ti ń jáde: agolo ọkà 6, sóyà 3, ẹ̀pà 1, ká yan án, ká lọ̀ ọ́. Ibi tí a ti ń ṣàṣìṣe ni pé ẹ̀pà tó bu, tó rún, tó ti ń korò, tí wọ́n dínwó rẹ̀, ni a ń rà fún Tom Brown nítorí pé a máa lọ̀ ọ́ bákan náà. Májèlé aflatoxin wà nínú irú ẹ̀pà bẹ́ẹ̀, yíyan kò sì lè mú un kúrò tán. Ẹ ṣà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Sóyà pẹ̀lú, kó yan dénú. Tútù rẹ̀ kì í jẹ́ kí amáradàgbà dà nínú ọmọ.

Rírọ ọmọ! Ẹ ṣì ń rí i, kódà ní àwọn ilé tó ní ẹ̀rọ amúlétutù: wọ́n á dá ọmọ dùbúlẹ̀ lórí itan, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀, wọ́n á máa da ògì wọlé bó ti ń ké. Ọmọ tó ń ké ń mí, ọ̀nà èémí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ibẹ̀ ni ògì ń gbà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Òtútù àyà lè tìdí rẹ̀ wá, àwọn ọmọ kan sì ti bá a lọ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá tilẹ̀ pa á lára lọ́jọ́ náà, yóò kọ́ ọ láti máa bẹ̀rù abọ́. Ẹ gbé e jókòó, ẹ fi ṣíbí kékeré fún un, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀. Tó bá yí orí kúrò, ẹ dúró; tó bá tún yí i kúrò, ó tó. Ṣíbí ìjẹun 2 sí 3 ti tó lẹ́ẹ̀kan fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Tó bá di oṣù 9, kó di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Oúnjẹ tí ọmọ kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún gbé e wá lọ́jọ́ mìíràn, kò túmọ̀ sí pé kò fẹ́ ẹ láéláé.

Iyọ̀, màgí àti ṣúgà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ títí ọmọ yóò fi pé ọdún 1. Ẹnu yín ni oúnjẹ náà tẹ́ sí, kò tẹ́ sí ẹnu rẹ̀. Mọ́ọ̀tì àti kunu aládùn kì í ṣe oúnjẹ ọmọ. Mílíìkì màlúù kò gbọdọ̀ rọ́pò ọmú tàbí mílíìkì ọmọ ṣáájú ọdún 1. Nónò tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé kiri, bó ti wù kó dùn tó pẹ̀lú fúrà, wàrà tútù tí wọn kò sè ló sábà máa ń jẹ́. Àìsàn bíi brucellosis àti ikọ́ ẹ̀gbẹ lè ti ara màlúù bá a wá.

Oúnjẹ tó le ń bẹ káàkiri ọ̀dọ̀ wa níbí ju bó ti wà nílé lọ. Aládùúgbò yóò fi ìfẹ́ na dàbínù sí ọmọ, tàbí ọ̀fìò, tàbí ẹ̀pà sísè; ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dé láti ilé ìwé á fi ṣinṣín sí i lẹ́nu. Wọ́n lè há sí ọ̀nà èémí rẹ̀. Ẹ̀pà odindi kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ pò ó mọ́ ògì, nítorí ẹ̀pà fúnra rẹ̀ kò burú: ìwádìí LEAP, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2015, fi hàn pé àwọn ọmọ tó wà nínú ewu èèwọ̀ ẹ̀pà, ìyẹn kí ara máa kọ ẹ̀pà, tí wọ́n tètè fún ní ẹ̀pà kì í fi bẹ́ẹ̀ ní èèwọ̀ náà bí àwọn tí a fi í dù.

Omi ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Omi tí mai ruwa, ìyẹn ẹni tó ń ta omi kiri, ti wá nínú jálá, bó ti mọ́ lójú tó, ẹ sè é kó hó kí ẹ tó fi po oúnjẹ ọmọ. Ògì àárọ̀ tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú fúláàsì títí di ìrọ̀lẹ́ ní kírẹ́ṣì, kòkòrò ló ń bímọ níbẹ̀. Fídà náà, ọmú rẹ̀ ṣòro láti fọ̀ mọ́. Ife àti ṣíbí ló dára jù.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá wá dé lẹ́yìn gbogbo èyí, a ó ní eyín ló ń hù. Eyín kì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Oṣù tí eyín ń hù ni oṣù tí ọmọ ń rákò, tó ń kó ohun gbogbo sẹ́nu, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ oúnjẹ tí ọwọ́ ènìyàn kàn. Ẹ má dá oúnjẹ dúró, ẹ má sì dá ọmú dúró. Ẹ fún un ní ORS, ìyẹ̀fun oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi mímọ́, kí ẹ sì fún un ní zinc mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14 bó bá ti pé oṣù 6. Bí ojú rẹ̀ bá jìn sínú, bí kò bá tọ̀ láti àárọ̀, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ tàbí tí kò lè mu ọmú mọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ lálẹ́.