Bí mo ṣe dí gọ́tà tó ń fa omi inú igbó àbàtà wa gbẹ

Owó tí agbaṣẹ́ṣe tá a kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ dídí gọ́tà yìí fún gbà lọ́wọ́ wa ṣì ń dùn mí di báyìí o. Igbó àbàtà kékeré tá a ń dáàbò bò ni, àwọn tó ni ilẹ̀ nígbà kan ló la gọ́tà gba àárín ẹ̀ kí ilẹ̀ lè gbẹ, látìgbà náà omi ò dúró mọ́. Ilẹ̀ dúdú ibẹ̀, ewé àti igi tí ò jẹrà tán torí pé omi bò ó ni, tó bá ti gbẹ báyìí ṣe ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Àwọn àkèré ńkọ́? Wọ́n á yé ẹyin sínú ọ̀gọ̀dọ̀, káwọn ọmọ tó yọ ẹsẹ̀ omi ti gbẹ mọ́ wọn lára. Ó máa ń bí mi nínú gan-an!

Agbaṣẹ́ṣe wá, ó gé pákó ní ìwọ̀n bí gọ́tà ṣe fẹ̀ gẹ́lẹ́, ó gbá a wọlẹ̀, ó gbowó, ó lọ. Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, ẹ̀gbẹ́ pákó lomi gbà, ó ń jẹ ilẹ̀ lọ, gọ́tà wá fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. A pè é, ó ní omi ló lágbára jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sanwó tán kí òjò tó rọ̀ sí i.

Ni mo bá dáwọ́ lé e fúnra mi. Ti ríra pákó àti gbígbé e wọgbó, kò lẹ́jọ́ nínú. Etí gọ́tà niṣẹ́ wà. Mo gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọlé títí mo fi kan ilẹ̀ líle tẹ́nì kan ò tú rí, mo ki pákó gígùn wọbẹ̀, mo wá ń di amọ̀ mọ́ ọn, amọ̀ gidi o, kì í ṣe iyẹ̀pẹ̀ tó ní ewé nínú, mò ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, omi á tún yọ níbòmíì, màá tún tú u, ó sú mi, ẹ̀yìn ń ro mí, àmọ́ mi ò kúrò níbẹ̀. Mo gé àárín pákó òkè kó lọ sílẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ lọ, kó lè jẹ́ pé tí omi bá pọ̀, àárín ló máa gbà bọ́. Ó sì dúró! Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn.

Ìdènà kan ò tó ṣá. Ẹ tò ó tẹ̀ léra, kí omi tí tìsàlẹ̀ dá dúró kan ẹsẹ̀ tòkè. Pákó tó wà lábẹ́ omi nígbà gbogbo kì í tètè jẹrà, ibi tí omi ti ń lọ sókè sódò ni kẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò.

Àwọn kan ń pariwo pé ẹ̀fọn máa pọ̀. Lámilámi ti ń yé ẹyin síbẹ̀ báyìí, àwọn ọmọ ẹ̀ tó wà nínú omi á sì máa jẹ tanwíjí.