Àmì Ìdánimọ̀ fún Ẹgbẹ́, Ilé-ẹ̀kọ́ àti Ṣọ́ọ̀bù

Kí o tó tan kọ̀ǹpútà, bèèrè ibi tí àwọn oníbàárà rẹ máa lo lógò (àmì ìdánimọ̀) náà sí. Ti ilé-ẹ̀kọ́, òwú ni wọ́n máa fi rán an sí àpò ṣẹ́ẹ̀tì. Ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, orí òǹtẹ̀ àti rìsíìtì. Ti oníṣọ́ọ̀bù l'Ádó-Èkìtì, pátákó àti WhatsApp.

Fi dúdú nìkan yà á ná. Àwọ̀ kì í gba lógò tí kò dáa là. Lẹ́yìn náà, sọ ọ́ di sẹ̀ǹtímítà 1. Bí o bá ya òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì tòun ti igi orí rẹ̀, gbogbo ẹ̀ á di àbàwọ́n lórí òǹtẹ̀. Ìlà kan tó ya ìrísí òkè náà ti tó.

Orúkọ gan-an ló máa ń bàjẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì (irú ọwọ́ ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà) ò ní ẹ, ọ àti ṣ. Kọ̀ǹpútà á yá wọn lára fọ́ǹtì mìíràn, lẹ́tà kan á wá sanra ju èkejì lọ. Tẹ “Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Ìkẹ́rẹ́” wò kí o tó yan èyíkéyìí. Fọ́ǹtì Noto Sans ní gbogbo rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Jọ̀ọ́, má yọ àmì ohùn: ara orúkọ oníbàárà ni.

Fún wọn ní fáìlì àwòrán méjì: SVG, tí kì í fọ́ bó ti wù kí wọ́n fà á tó, fún pátákó, PNG fún fóònù. Fáìlì JPEG kékeré á fọ́ tí wọ́n bá fà á dé ẹsẹ̀ bàtà 8.