Ọmọ Ọ̀fà, Bí Ẹ Bá Ń Wá Ìrànwọ́ Nílé, Ẹ Gba Agbo Ilé Kọjá

Ẹ̀yin ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wálé, àti ẹ̀yin tí ẹ kò kúrò nílé rí àmọ́ tí ẹ kò mọ ẹni tí ẹ ó fọ̀rọ̀ lọ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀ka ìdàgbàsókè ìlú ní ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ilé wa ní àdúgbò Ọjọmu títí dòní. Ìrànwọ́ wà ní Ọ̀fà. Àmọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ ló jẹ́ pé ẹni tí agbo ilé kan jẹ́rìí sí ló ń tètè rí i gbà. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálé ilé yín, kí wọ́n lè fún yín ní ìwé tó jẹ́rìí pé ọmọ ilé náà ni yín.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ẹ lè bá wọn nílé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ọ̀sẹ̀ Iléyá tún dára jù, torí gbogbo àgbà tó lè jẹ́rìí ló máa ń wà nílé nígbà náà. Ẹ mú ẹnì kan tó mọ òbí yín dání. Lẹ́yìn ìkíni, ẹ sọ orúkọ bàbá yín, ti bàbá tó bí i, àti ti ìyá tó bí i. Orúkọ ìyá yẹn ni ẹ má gbàgbé, torí nínú agbo ilé ńlá, àwọn tó ń jẹ́ Jimoh lè pọ̀ lọ bẹẹrẹ, orúkọ ìyá ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ díẹ̀ nínú oríkì ilé yín, ẹ kì í. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí baálé kan ń wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan bí àjèjì, àfi ìgbà tí ọmọ náà ki ìlà kan tí ìyá àgbà rẹ̀ fi kọ́ ọ ní Ghana. Kíá ni baálé ní kí wọ́n bu omi wá fún un. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n nílé wa, látìgbà tí ìjọba Ghana ti lé àwọn àlejò lọ́dún 1969, tí àwọn kan padà wálé tí àwọn mìíràn sì forí lé ibòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ọ̀rọ̀ ìyá, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ àwọn èèyàn jẹ jù. Wọ́n á ní, “Ọmọ ọmọbìnrin wa ni ọ́, lọ gba ìwé nílé bàbá rẹ.” Ẹ má gbà. Òfin ìpilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, abala 318, sọ ọ́ ní kedere: ẹni tí ọ̀kan nínú òbí rẹ̀, tàbí èyíkéyìí nínú àwọn òbí òbí rẹ̀, bá jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ kan, ọmọ ìpínlẹ̀ náà ni. Kò ní bàbá nìkan. Ọmọbìnrin kan wá bá mi tí ìyá rẹ̀ ti kú, tí bàbá rẹ̀ sì ti lọ láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Agbo ilé tí wọ́n ti bí ìyá ìyá rẹ̀ la mú un lọ. Baálé kọ́kọ́ yarí, àmọ́ àwọn ìyá àgbà tó jẹ́ ọmọ bíbí ilé náà jókòó tì wọ́n, wọ́n ń ka ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ìdílé náà lẹ́sẹẹsẹ títí baálé fi buwọ́ lu ìwé. Bí ilẹ̀kùn bá tì, àwọn ìyá wọ̀nyẹn ni kí ẹ wá. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀yìn yín kanlẹ̀ níbí.

Ìwé baálé yẹn, fọ́tò pélébé, NIN àti ìwé ọjọ́ ìbí ni kí ẹ kó lọ sí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀fà fún ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀. Òun ni wọ́n máa ń béèrè fún owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ti ìpínlẹ̀, iṣẹ́ ológun àti iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹ rí i pé bí orúkọ yín ṣe wà lórí NIN náà ló wà lórí rẹ̀. Rasheed níbí, Rashidi lọ́hùn-ún, wàhálà ni lọ́jọ́ ìdánwò iṣẹ́. Ẹ san owó fún ẹni tó ń já rìsíìtì nìkan. Àwọn tó ń dúró lẹ́nu géètì pé àwọn á bá yín gbà á kíá, ẹ kí wọn, kí ẹ sì kọjá. Ìwé tí kò sí nínú rẹ́jísítà kò ní jẹ́rìí yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ̀wé wá béèrè.

Ó ń dùn mí pé àwọn kan máa ń dúró de ìwé yìí kí wọ́n tó gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kì í béèrè ilé tí wọ́n ti bí yín. Ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ti àrùn jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Bí aláboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, tàbí arúgbó tí kò ní olùrànlọ́wọ́ bá wà nílé yín, ẹ béèrè níbẹ̀ bóyá wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ fún ètò adójútòfò ìlera tí ìjọba ń san owó rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ayálégbé yín pẹ̀lú, Tápà, Fúlàní, Íbò.

Àwọn ọmọ tó wà ní Federal Polytechnic Offa lè tọrọ owó ẹ̀yáwó tí kò ní èlé lọ́wọ́ NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó ìwé fún tààrà. Nọ́ńbà JAMB, NIN, BVN àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń tọrọ rẹ̀ lórí ìkànnì àjọ náà. Fún owó òwò kékeré, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ọjà yín ni mo fọkàn tán ju ẹnikẹ́ni tó ń yáni lówó lórí fóònù lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà nídàálẹ̀, Offa Descendants Union ní ẹ̀ka láwọn ìlú ńlá. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, torí ẹ ó nílò ẹni tó máa bá yín kọ̀wé sílé.

Ó wá ku àwọn opó, ọ̀rọ̀ wọn ló wúwo jù lọ́kàn mi. Bí bàbá ọmọ kò bá gbọ́ bùkátà, tàbí tí wọ́n ń lé opó jáde nílé, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ẹ̀ka ìgbáyégbádùn ní sẹkitéríàtì. Bí kò bá yanjú, Legal Aid Council ní ọ́fíìsì ní Ìlọrin. Agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ ni ti ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lóṣù kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fi lélẹ̀, èyí tó jẹ́ 70,000 náírà láti ọdún 2024. Wọ́n tún máa ń pe ìjókòó láti parí aáwọ̀ ìdílé. Kí opó náà mú ìwé ikú ọkọ, ìwé ìgbéyàwó tàbí ẹni tó wà níbi yìgì, ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, àti ẹ̀dà ìwé ilé bó bá rí i. Kó má fi ojúlówó ìwé kankan sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀dà ni kó fún wọn.