Ẹ̀kọ́ nípa Ìdọ̀tí Ike: Ẹ Má Dáná Sun Ohun Tí Àwọn Ọmọ Ṣà Jọ

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí, a ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ló ń bí wa nínú. Olùkọ́ á ṣàlàyé dáadáa, àwọn ọmọ á ṣa ọ̀rá àti ike jọ, ó di kí wọ́n ṣáná sí i. Mo ti dúró ti irú iná bẹ́ẹ̀ rí: ọ̀rá ń yọ́, ó ń kán tó, tó, tó, èéfín dúdú ń gba ojú fèrèsé wọ kíláàsì, àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé lọ sílé nìyẹn. Májèlé wà nínú èéfín ike, pàápàá èyí tí wọ́n kọ nọ́mbà 3 sí lára, ìyẹn nọ́mbà inú àmì onígun mẹ́ta tó ń sọ irú ike tó jẹ́. Ẹ fi ìṣáná sílé.

Ọmọ ọdún 5 sí 7: ẹ fi okùn pààlà ilẹ̀ mítà 1 níbùú lóròó, kí wọ́n ka ike tó wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú 20 ti tó.

Ọmọ ọdún 8 sí 12: ẹ gé ọ̀rá tí wọ́n tẹ nǹkan sí lára, àti ewé tútù, sẹ̀ǹtímítà 10 níbùú lóròó. Ẹ rì wọ́n mọ́ ilẹ̀ tútù, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ọ̀sẹ̀ 8 ni kí ẹ tó hú u. Ẹ má jẹ́ kí ìwàǹwára mú yín hú u ní ọ̀sẹ̀ kejì! Ewé á ti máa jẹrà. Tí ọmọ bá fọ ọ̀rá, á ṣì rí ohun tí wọ́n kọ sí i kà.

Àwọn tó dàgbà jù wọ́n lọ: ẹ gé ìgò ike onínọ́mbà 1, ẹ ju ègé náà àti ìdérí rẹ̀ sínú abọ́ omi, kí ẹ tẹ̀ wọ́n rì kí afẹ́fẹ́ lè kúrò lára wọn. Ìgò á rì, ìdérí á léfòó. Nígbà náà ni wọ́n á mọ̀ pé èyí tí à ń rí lójú omi kọ́ ni gbogbo ike tó wà nínú rẹ̀.

Àgbà ló le jù, torí wọ́n gbà pé àwọn ti mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kí wọ́n kó gbogbo ọ̀rá ilé wọn sínú àpò kan fún ọjọ́ 7, kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Títí di ọdún 2015, nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 ìdọ̀tí ike ayé ni wọ́n tíì sọ di nǹkan tuntun. Nítorí náà, ẹ bi wọ́n léèrè èyí tí wọn ò bá má gbà lọ́jà rárá.

Èyí tí ẹ bá ṣà jọ, ẹ dì í sápò, ẹ gbé e sábẹ́ òrùlé títí àwọn akólẹ̀ á fi dé, níbi tí ewúrẹ́ àti màlúù ò lè dé, torí ọ̀rá a máa dí wọn níkùn.