Ìmọ̀ràn fún Ẹgbẹ́ Olórin Tó Ń Lọ sí WOMEX

WOMEX, ọjà orin àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ ní Berlin lọ́dún 1994, kì í ṣe òde ìnáwó tí wọ́n ti ń náwó fún olórin. Àwọn tó ń gba olórin sí àjọ̀dún àti àwọn oníròyìn ló máa ń dúró wò yín níbẹ̀, ẹlòmíràn nínú wọn á sì ti lọ sí gbọ̀ngàn mìíràn kí orin kejì tó parí. Ìṣẹ́jú 45 ni wọ́n ń fún ẹgbẹ́ kan. Nítorí náà, ẹ má fi oríkì ẹnikẹ́ni ṣí eré. Orin tó dáa jù ni kí ẹ fi ṣáájú.

Bí ìlú tó gba WOMEX lálejò bá wà lábẹ́ físà Schengen, ìyẹn físà kan ṣoṣo tó wà fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ẹ lè béèrè fún un láti oṣù 6 ṣáájú ìrìn àjò. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Ohun tó ń ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ ìlù. Ìgbà òtútù ti ń wọlé níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe WOMEX: awọ gángan tó dẹ̀ níta lè le koko nínú yàrá tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ mú gbóná, ohùn rẹ̀ á sì yí padà. Ẹ gbé e wọlé ṣáájú, kí onílù tún ọsán fà, kí ó fi kọ̀ǹgọ́ dán an wò. Ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ pé ìyáàlù nílò máíkì tirẹ̀.

Ẹ yan ẹnì kan tí kò ní í ṣeré, kí ó gba orúkọ àwọn tó bá wá kí yín, kí ó sì kọ̀wé sí wọn lọ́sẹ̀ náà gan-an.