Kí Ara Àgbà Má Baà Di Hẹ́gẹhẹ̀gẹ

“Wọ́n ti dàgbà” ni àwọn ará ilé máa ń sọ bí Màmá bá ń di ògiri mú kí wọ́n tó dìde. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣan tó ń joro ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà, iṣan sì ṣì ń lágbára sí i bí èèyàn bá tilẹ̀ ti lé ní 80 ọdún.

Kí ẹ lè mọ bí iṣan wọn ṣe lágbára tó, ẹ fi ẹfun ya ìlà méjì sílẹ̀, kí mítà 4 wà láàárín wọn. Kí Màmá ti máa rìn bọ̀ kí wọ́n tó dé ìlà àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe máa ń rìn lójoojúmọ́. Ẹ fi fóònù ka àkókò. Bó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ, ẹ mú wọn lọ fún àyẹ̀wò. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ká ọwọ́ lé àyà, kí wọ́n dìde lórí àga, kí wọ́n sì jókòó padà, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Èyí náà kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ. Àpótí ìdáná ti kéré jù fún un, àga tìmùtìmù sì ń rì. Àga onígi tó fẹ̀yìn ti ògiri ni kí ẹ lò.

Ẹni tó wúwo tó kílò 60 tó fọn ní kílò 3 láàárín ọdún kan, tí kò sì mọ̀ọ́mọ̀ dín oúnjẹ kù, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n, òrùka tó ń yọ́ bọ́ á sọ fún yín.

Yálà Òkè-Fìà lẹ ń gbé tàbí Àlékúwódò ní Òṣogbo, lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé, ẹ kó gbogbo oògùn sínú ọ̀rá kan: ti dókítà, ti kẹ́místì, ti inú mọ́tò, títí kan ìgò àgbo. Ibí ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù. Oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac lè mú ẹ̀jẹ̀ ru, kó sì pa kíndìnrín lára. Piriton àti oògùn oorun ń mú àgbà ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Àmọ́ ẹ má fúnra yín dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí Màmá bá ti sùn sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kó tún wọ̀n ọ́n láàárín ìṣẹ́jú 3 tí wọ́n bá dìde dúró. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 wálẹ̀, òòyì tó ń gbé wọn ṣubú nìyẹn. Bí ẹ kò bá béèrè, orí ìjókòó nìkan ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀kọ mímu àti àmàlà nìkan kò lè gbé iṣan ró. Ẹni kílò 60 nílò purotéènì gíráàmù 60 sí 72 lójúmọ́. Ẹyin kan kò ju bíi gíráàmù 6 lọ. Nítorí náà, ẹ pín in kárí oúnjẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ẹyin láàárọ̀, mọ́ínmọ́ín lọ́sàn-án, ẹja lálẹ́. Pọ̀nmọ́ dùn, àmọ́ ẹ má kà á sí ẹran. Bí eyín kò bá sí mọ́, gbẹ̀gìrì wà. Ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà.

Ní ti eré ìdárayá, rírìn lọ sí Ọjà Ọba dára, kò kàn tó fún itan ni. Kí wọ́n máa dìde-jókòó lẹ́ẹ̀mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún un ṣe, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Kí wọ́n má sé èémí. Bí àyà bá dùn wọ́n, kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ yéé gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ wọn. “Màmá, ẹ jókòó” yẹn ń jẹ itan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ẹ tún fi ìlà ẹfun yẹn wọn ìrìn wọn.